Bí Ara Ọmọ Ọmú Bá Kọ Oúnjẹ Tí Ìyá Ń Jẹ: Ohun Tó Yẹ Kí Abiyamọ Wa ní Òkè Ọya Mọ̀

Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ọmú nìkan ni wọ́n ń mu, omi lásán ò tíì kàn wọ́n lẹ́nu, síbẹ̀ ikùn wọn ò rọgbọ. Ìgbẹ́ wọn á máa yọ̀ bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa hàn nínú rẹ̀ bí okùn tínrín. Wọ́n á máa bì ju bó ṣe yẹ lọ, awọ ara wọn á le, á máa yún wọn, tí wọ́n bá sì gbé ọmú sí wọn lẹ́nu, wọ́n á fi ẹkún tì í sẹ́yìn. Ohun tí ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbọ́ ládùúgbò ni pé ọmú rẹ̀ ti kan, kó yáa já ọmọ lẹ́nu ọmú. Lọ́dọ̀ àwọn kan níhìn-ín ní òkè Ọya, wọ́n tilẹ̀ máa ń fún ọmú sínú abọ́, kí wọ́n ju èèrà sí i. Bí èèrà bá kú, wọ́n á ní ọmú náà burú. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, èèrà tó bọ́ sínú omi lásán náà lè kú.

Ẹ̀bi ọmú kọ́. Ohun tí ìyá jẹ ló bá ọmú kọjá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Tí ìyá bá mu mílíìkì tàbí tó jẹ ẹyin, díẹ̀ bíńtín lára purotéènì oúnjẹ náà á wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, láti ibẹ̀ á sì dé inú ọmú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ṣe ní nǹkan kan. Àmọ́ ara àwọn ọmọ kan á ka purotéènì yìí sí ọ̀tá, ìfun wọn á wú, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́. Mílíìkì màlúù ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀wà sóyà, ẹyin, àlìkámà, ẹ̀pà àti ẹja.

Àwa tí a ń ta mílíìkì, tíì, bisikíìtì àti oúnjẹ ọmọ inú agolo ní ọjà Sabon Gari ní Kánò ń rí àwọn ìyá wọ̀nyí dáadáa. Wọ́n á ra agolo kan, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà wọ́n á padà wá ra irú mìíràn, tọkọtaya á máa wo ara wọn lójú nítorí owó. Agolo tí ìyá kan ò rà, èrè tó bọ́ lọ́wọ́ wa ni. A ó ṣì sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí.

Ẹ má rò pé gbogbo ọmọ tó bá ń ké ni ọ̀rọ̀ yìí kàn o. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń mu ọmú nìkan, àwọn tí mílíìkì màlúù ń bá jà kò ju bí ọmọ kan nínú 200 lọ. Ọmọ tó ń pọ ọmú díẹ̀ lẹ́yìn tó mu ún tán, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń sanra, kò ní àìsàn. Ẹkún ìrọ̀lẹ́ tí kò nídìí sábà máa ń pọ̀ jù nígbà tí ọmọ bá tó ọ̀sẹ̀ 6, á sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 3 sí 4. Èyí tó yẹ ká ṣọ́ ni ẹ̀jẹ̀ tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nínú ìgbẹ́, èébì tí kò dáwọ́ dúró, ara yíyún tí ìpara ò ràn, àti ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ ò gòkè nígbà tí wọ́n bá gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Àwọn èèyàn tún máa ń da nǹkan méjì pọ̀. Àgbàlagbà tó mu nọ́nọ̀ tí inú rẹ̀ sì ń kùn, tó ń sáré lọ sí ṣálángá, ṣúgà inú mílíìkì ni ara rẹ̀ ò lè dà. Púpọ̀ nínú àwa Yorùbá ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti ṣúgà, ti purotéènì ni. Ṣúgà yẹn wà nínú ọmú gbogbo obìnrin, ara ìyá fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ì báà mu mílíìkì, ì báà má mu ún. Ìdí nìyí tí mílíìkì olówó gọbọi tí wọ́n kọ lactose free sí lára kò fi lè ran ìyá yìí lọ́wọ́: ṣúgà ni wọ́n yọ kúrò níbẹ̀, purotéènì tó ń bá ọmọ jà ṣì pé síbẹ̀.

Kí ìyá tó yọ oúnjẹ kankan, kó kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ lè jẹ́ àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí kòkòrò ń fà, ó sì lè jẹ́ pé ìfun kan ló wọ inú ìfun kejì. Ti ìfun yẹn burú: ọmọ á ké tòò, á ká ẹsẹ̀ mọ́ ikùn, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀, á máa bì, ìgbẹ́ rẹ̀ á wá dà bí omi zobo tó dì. Kò sí pé ẹ ń dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Bákan náà ni tí ara bá gbóná, tí ọmọ ò mu ọmú mọ́, tí ikùn rẹ̀ wú tó sì le, tàbí tí ètè àti ojú rẹ̀ bá ṣàdédé wú, tó ń mí gúlegúle. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí àwọn ìyá wa àgbà máa ń yára gbé kaná kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. A bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ìfun ọmọ ọwọ́ ò lè gbé e.

Tí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tó ní ó jọ bíi pé oúnjẹ ìyá ni, mílíìkì nìkan ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, nítorí mílíìkì pọ̀ káàkiri níbi tí a tẹ̀dó sí yìí ju ilé lọ. Nọ́nọ̀ tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri, kìndìrìmó, fùrá tí wọ́n bu nọ́nọ̀ sí, òróró màlúù tí wọ́n ń pè ní man shanu tí wọ́n ń bù sórí túwó, mílíìkì ni gbogbo rẹ̀. Wàrà tí àwọn ará Ìlọrin ń gbé wá, mílíìkì tí wọ́n fi ewé bọmubọmu mú dì ni. Ìyá ìkókó tí wọ́n ní kó máa mu ògì gbígbóná kí ọmú lè wá, kó máa mu ún lọ, kó má kàn da mílíìkì tàbí ìyẹ̀fun ṣokoléètì aláwọ̀ igi sí i. Búrẹ́dì, kéèkì, ṣinṣín, bisikíìtì, yógọ́ọ̀tì, bọ́tà, ẹ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Mílíìkì ewúrẹ́ àti ti àgùntàn kò yàtọ̀, purotéènì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti màlúù dọ́gba. Ẹran màlúù ní tirẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kì í yọ lẹ́nu, nítorí náà ẹ fi ìyá sílẹ̀ kó jẹ ẹran rẹ̀.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀yìn páálí. Wọn kì í fìgbà gbogbo kọ milk. Tí ẹ bá rí casein, caseinate, whey, milk solids, skimmed milk powder, buttermilk tàbí ghee, mílíìkì náà ni. Ọjà tí wọ́n ń wọ̀n sínú láílọ́ọ̀nù láìní páálí, tí ẹnì kankan ò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ìyá yàgò fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí. A mọ̀ pé ó dínwó. Kó ṣáà yàgò fún un.

Tí mílíìkì bá kúrò tí ara ọmọ yá, ẹ má yọ nǹkan kan kún un. Tí kò bá yá tán, dókítà lè ní kí ẹ yọ sóyà pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú fún àwa tí a ń gbọ́ èdè méjì. Wàrà jẹ́ mílíìkì màlúù. Àwàrà tí wọ́n ń dín lẹ́bàá títì níhìn-ín, ẹ̀wà sóyà ni, òun náà làwọn ará ilé ń pè ní bẹ̀skẹ̀. Orúkọ jọra, oúnjẹ ò jọra. Irú wa láti ara igi igbá ló ti ń wá, àmọ́ púpọ̀ nínú dàdàwá tí wọ́n ń tà lọ́jà òkè Ọya báyìí, sóyà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní tom brown ní sóyà àti ẹ̀pà nínú. Tó bá kan ẹ̀pà, kúlíkúlí àti kunu gyada wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ata tí wọ́n fi ń ra súyà. Tó bá kan àlìkámà, kì í ṣe búrẹ́dì nìkan: nudù, sùpàgẹ́tì, sẹ̀mó, gùrásà àti alkubus wà níbẹ̀.

Kí ló wá kù tí ìyá á jẹ? Ó pọ̀. Túwó ìrẹsì, túwó àgbàdo, àmàlà, iyán, ẹ̀bà, ẹ̀wà, àkàrà, mọ́ínmọ́ín tí wọn ò fi ẹyin sí tó bá jẹ́ ẹyin ni wọ́n yọ, ẹja, ẹran, ẹ̀fọ́, èso. Ohun tó ń sọnù nígbà tí mílíìkì bá kúrò ni kálíṣíọ̀mù tó ń mú egungun le. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú nílò nǹkan bíi mílígíráàmù 1,000 lóòjọ́. Ọbẹ̀ lúrú, tí wọ́n fi ewé igi osè gbígbẹ ṣe, ní kálíṣíọ̀mù púpọ̀, ìyẹn náà ni kúkà tí àwọn Haúsá ń sè lójoojúmọ́. Zógálè ní in, yànmọ̀tí tí wọ́n ń pè ní ridi ní in, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun àti sàdíìnì inú agolo ní in. Síbẹ̀, kí ìyá tó fẹ́ yọ mílíìkì pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ bèèrè oògùn kálíṣíọ̀mù àti fítámì D lọ́wọ́ dókítà, pàápàá àwọn tó jẹ́ pé aṣọ bo gbogbo ara wọn tí oòrùn kì í rí wọn.

A mọ̀ pé èèwọ̀ abiyamọ kò ṣàjèjì sí wa. Ìyá ọkọ á ní má jẹ èyí, àbúrò bàbá á ní má jẹ ìyẹn, títí tí ìyá ìkókó á fi máa fi ògì àti iyọ̀ gbé ayé. Ìyẹn yàtọ̀ sí ohun tí à ń wí. Èyí ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ọjọ́ tó parí, ó sì ní ìdánwò. Ìyá tó yọ oúnjẹ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà á rù, á rẹ̀ ẹ́, bí ọmọ bá sì yá, kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi nínú wọn.

Ìdánwò yẹn lọ́pọ̀ èèyàn máa ń fò. Kí ìyá ra ìwé kékeré kan, kó máa kọ ohun tó jẹ àti bí ìgbẹ́ ọmọ ṣe rí lójoojúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 4 kí gbogbo rẹ̀ tó tọ́. Tó bá ti tọ́, kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu mílíìkì díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, tí dókítà bá fọwọ́ sí i. Bí àìsàn bá padà, ó dájú pé mílíìkì ni, kó tún yọ ọ́. Bí kò bá padà, kó máa mu tíì rẹ̀ lọ ní àlàáfíà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá láìsí àyípadà kankan, mílíìkì kọ́ nìyẹn, kó padà sọ́dọ̀ dókítà.

Oníbàárà wa kan, ará Ọ̀yọ́, ṣe é báyìí lọ́dún tó kọjá. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti gbà á nímọ̀ràn pé kó já ọmọ oṣù 2 lẹ́nu ọmú, ó sì ti wá bá wa ra agolo méjì. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kó dúró. Ó fi nọ́nọ̀, tíì oní mílíìkì àti búrẹ́dì sílẹ̀, ó dá agolo kan padà fún wa ní títì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìgbẹ́ ọmọ ti mọ́. Ó gbìyànjú mílíìkì wò, ẹ̀jẹ̀ sì padà lọ́jọ́ kẹrin. Ọkọ rẹ̀ tí kò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló wá ń ka ẹ̀yìn páálí ní ìsọ̀ wa báyìí, ó ń fi àkókò wa ṣòfò.

Jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú kì í sábà jẹ́ ojútùú. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6, kó sì máa mu ún lọ pẹ̀lú oúnjẹ títí dé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Mílíìkì inú agolo tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ti màlúù ni, ohun tó ń bá ọmọ jà gan-an ni wọ́n á tún máa fún un ní èyí tó pọ̀. Èyí tí wọ́n ti gé purotéènì rẹ̀ wẹ́wẹ́ wà, àmọ́ ó ṣòro rí níhìn-ín, ó sì wọ́n. Mílíìkì sóyà tí wọ́n ń sè nílé kò lè dípò ọmú fún ọmọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni ti ewúrẹ́.

Tí ọmọ bá pé oṣù 6, kó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, láìsí mílíìkì nínú rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń dán mílíìkì wò lára ọmọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù 9 sí 12, tàbí lẹ́yìn tó ti kúrò lára oúnjẹ fún oṣù 6 ó kéré tán, pẹ̀lú ìmọ̀ dókítà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látorí bisikíìtì díẹ̀ tí mílíìkì rẹ̀ ti jinná nínú iná, kí wọ́n tó dé orí mílíìkì tútù. Ọmọ tí ojú rẹ̀ wú tàbí tó mí gúlegúle nígbà kan rí, ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti ń dán tirẹ̀ wò. Púpọ̀ nínú wọn ni ara wọn máa ń gbà á kí wọ́n tó pé ọdún 3 sí 5.