Ère tí Kò Ní Orí ní Àkrá

Ọ̀nà Àgbádárìgì tí ó gba Ìjànikin wa kọjá ni à ń tọ̀ dé Àkrá, níbi tí ère Kwame Nkrumah kan dúró sí láìlórí nínú ọgbà ìrántí rẹ̀.

Ní 1960 ni ìjọba Nkrumah dá ẹgbẹ́ Young Pioneers sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, tí wọ́n ń kọ́ wọn pé Nkrumah kì í kú. Bíṣọ́ọ̀bù Roseveare ti ìjọ Áńgílíkà tako èyí ní 1962. Wọ́n sì lé e kúrò nílùú fún oṣù díẹ̀. Òyìnbó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ ọmọ mọ ìdí tí kò fi lè dákẹ́.

Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1966, wọ́n wó ère náà, wọ́n sì tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹnìkan gbé orí ère pamọ́, ó dá a padà ní 2009. Wọn kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn. Ó wà lórí pèpéle tirẹ̀, lẹ́bàá ara.