Kọ̀ǹpútà tó lágbára fún géèmù àti àtúnṣe fọ́tò: Ohun tó yẹ kí olùrà mọ̀ kó tó náwó

Ẹni tó bá wọ òpópónà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, nínú ọjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Computer Village, kò ní pẹ́ rí i pé ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà kì í wọ́n níbẹ̀. Tuntun wà, tòkunbọ̀ wà, ayédèrú náà sì wà láàrin wọn. Ohun tó ṣòro ni kí ènìyàn mọ èyí tó yẹ kó rà, pàápàá jù lọ ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjì: kó máa fi ta géèmù ńláńlá, kó sì tún máa fi ṣàtúnṣe fọ́tò tó yà níbi ìgbéyàwó, ìkómọ àti ìsìnkú. Owó tí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ń gbé mì kì í ṣe kékeré. Bí olùrà bá sì ti tú ẹ̀yà kan jáde nínú páálí rẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni kì í gbà á padà mọ́.

Iṣẹ́ méjèèjì yìí kò béèrè ohun kan náà. Géèmù ń fẹ́ káàdì àwòrán tó lágbára. Àtúnṣe fọ́tò ní tirẹ̀ ń fẹ́ RAM tó pọ̀, ibi ìkópamọ́ tó yára, àti ojú kọ̀ǹpútà tí kì í parọ́ àwọ̀. Ẹni tó bá kó gbogbo owó rẹ̀ lé káàdì àwòrán lórí yóò gbádùn géèmù lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́tò oníbàárà bá ti ilé ìtẹ̀wé dé, ìyàwó lè pọ́n bí ẹni tí wọ́n da epo pupa lé lórí.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ojú kọ̀ǹpútà jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò rò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi sí ìkẹyìn, nígbà tí owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lápò. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní TN kì í wọ́n, ó sì máa ń yára fún géèmù, àmọ́ bí ẹni tó ń wò ó bá yí orí díẹ̀ ni àwọ̀ yóò ti yí padà. Èyí tí wọ́n ń pè ní IPS kì í ṣe bẹ́ẹ̀. OLED rẹwà ju méjèèjì lọ, dúdú rẹ̀ dúdú ní tòótọ́, ṣùgbọ́n bí ohun kan náà bá pẹ́ jù lójú rẹ̀, òjìji ohun náà lè lẹ̀ mọ́ ọn títí láé. Bẹ́ẹ̀, àwọn àmì irinṣẹ́ Photoshop kì í kúrò lójú kan láti àárọ̀ di alẹ́.

Ohun mìíràn tó ṣe pàtàkì ni iye àwọ̀ tí ojú náà lè gbé jáde. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní sRGB, tí iléeṣẹ́ HP àti Microsoft gbé kalẹ̀ lọ́dún 1996, ni íntánẹ́ẹ̀tì ń lò jù. Adobe RGB, tó jáde lọ́dún 1998, gbòòrò jù ú lọ, àgàgà níbi àwọ̀ ewé. Bí fọ́tò kò bá ní í kọjá Facebook àti WhatsApp, ojú tó bá lè gbé gbogbo sRGB jáde ti tó. Ẹni tó ń tẹ álíbọ́ọ̀mù ńlá ló yẹ kó wá Adobe RGB. Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí wọ́n máa ń gbé lé ojú kọ̀ǹpútà láti fi díwọ̀n àwọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe. Kò pọn dandan kí ayàwòrán kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè da owó jọ rà á.

Ní ti ìwọ̀n, ojú 4K ní píksẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin ti 1920×1080. Gbogbo rẹ̀ ni káàdì àwòrán gbọ́dọ̀ máa yà lọ́pọ̀ ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ojú IPS oníínṣì 27, tó jẹ́ 2560×1440, tó sì lè pààrọ̀ àwòrán nígbà 144 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ló bójú mu jù láìfi owó ṣòfò.

Ibi tí wọ́n ti máa ń fi owó ṣòfò jù ni káàdì àwòrán. RTX 5090 tí Nvidia gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025 ní 32GB, òun nìkan sì lè fa iná tó tó wáàtì 575. Kò sí ayàwòrán kan tó nílò rẹ̀ torí fọ́tò. Photoshop àti Lightroom máa ń lo káàdì fún àwọn iṣẹ́ kan, bí irinṣẹ́ tí Adobe fi kún Lightroom lọ́dún 2023, èyí tó ń pa àwọn ẹ̀tàn-ǹ-tàn tó máa ń wà nínú fọ́tò tí wọ́n yà lókùnkùn rẹ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú iṣẹ́ yòókù, prosẹ́sọ̀ àti RAM ló ń ṣe é. Káàdì tó ní 12GB tàbí 16GB ló yẹ kí wọ́n wá, nítorí 8GB ti ń fún mọ́ àwọn géèmù tuntun lọ́rùn.

Nínú prosẹ́sọ̀, àwọn tí AMD fi X3D parí orúkọ wọn, bí Ryzen 7 9800X3D tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní ibi ìpamọ́ àfikún nínú ara wọn tó ń mú géèmù yá. Àfikún yìí kò ṣe nǹkan kan gbòógì fún ẹni tó fẹ́ gbé ẹgbẹ̀rún fọ́tò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni yẹn nílò Ryzen 9 tó ní kóòrù 12 tàbí 16. Ní ti Intel, iléeṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ lọ́dún 2024 pé àwọn kan nínú prosẹ́sọ̀ ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá òun ń gba iná tó pọ̀ jù. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí i, wọ́n sì fi ọdún méjì kún àkókò ìdánilójú rẹ̀, àmọ́ àtúnṣe náà kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ irú rẹ̀ rọra ṣe.

Mọ́dábọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ bá prosẹ́sọ̀ mu. AM5, tó dé lọ́dún 2022, kì í gba RAM mìíràn ju DDR5 lọ. DDR4 kò lè wọ inú rẹ̀ rárá.

Ní ti RAM, ìṣirò rẹ̀ kò le. Fọ́tò oní-mílíọ̀nù 45 píksẹ́lì, tí àwọ̀ mẹ́ta wà nínú rẹ̀, tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì méjì, yóò jẹ́ 270MB fún ipele kan ṣoṣo nínú Photoshop. Ipele mẹ́wàá ti di 2.7GB. Ìdí nìyí tí 32GB, ní igi méjì tó dọ́gba, fi jẹ́ ìwọ̀n tó yẹ. Láti ìparí ọdún 2025 ni owó RAM ti gun òkè nítorí àwọn iléeṣẹ́ ọpọlọ àtọwọ́dá tó ń rà á jọ, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: ó sàn kí wọ́n dín agbára káàdì àwòrán kù ju kí wọ́n ra 8GB lọ.

SSD oní-NVMe ni kí wọ́n fi ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì ra háàdì dísìkì ńlá fún ìpamọ́. Fọ́tò ìgbéyàwó tó bá sọnù, a kò lè bẹ ọkọ àti ìyàwó pé kí wọ́n tún ìgbéyàwó ṣe.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù, òun ló sì ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ jù nílẹ̀ wa. Iná tó yẹ kó jẹ́ fóltì 230 lè wálẹ̀ gan-an, ó sì lè ga sókè lójijì nígbà tí wọ́n bá mú un dé. Páwápáàkì olówó pọ́ọ́kú tó bá jóná lè mú mọ́dábọ́ọ̀dù àti SSD lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Àmì 80 Plus Gold tí wọ́n ń kọ sára páwápáàkì ń sọ pé kì í fi iná ṣòfò. Kò sọ pé ó lágbára. Iye wáàtì ni kí wọ́n wò fún agbára: 750 ni Nvidia dámọ̀ràn fún RTX 5070 Ti. Kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ yóò ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-better-pass-my-neighbour lára, bí fáànù àti fìríìjì bá tún wà lórí rẹ̀. UPS ṣe pàtàkì. Ínfátà tí iná rẹ̀ kò bá sì rí bí iná ìjọba gẹ́lẹ́, tó ń fò dípò kó máa ṣàn, lè máa pa páwápáàkì ìgbàlódé lójijì.

Kéèsì tó gbà kí atẹ́gùn wọlé, tó sì ní asẹ́ fún eruku ọyẹ́, ti tó. Iná aláràbarà ara rẹ̀ kò fi nǹkan kan kún iṣẹ́.

Káàdì àwòrán tòkunbọ̀ nílò àyẹ̀wò gidi. Lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí fífi káàdì wa owó Ethereum ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀pọ̀ káàdì tó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ló bọ́ sọ́jà. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé orúkọ inú wọn ni wọ́n yí padà kí wọ́n lè jọ tuntun. Ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ GPU-Z máa ń tú àṣírí irú wọn, bẹ́ẹ̀ ni CrystalDiskInfo máa ń fi ìlera SSD hàn. Kí wọ́n fi géèmù ńlá kan sórí káàdì náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú oníṣòwò kí owó tó yí ọwọ́ padà, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ara ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sínú risíìtì, nítorí láìsí i, oníṣòwò lè sọ lọ́jọ́ kejì pé kì í ṣe ọwọ́ òun ni wọ́n ti rà á.