Ẹ Jẹ́ Ká Pè É Ní Ìfọ̀mọ́ Èbù

Bí àgbẹ̀ bá gé iṣu tó fẹ́ gbìn, èbù ló ń pe ègé kọ̀ọ̀kan. Ní yàrá ìwádìí bíi ti IITA n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń mú ọmọ iṣu hù nínú ìgò, oríkèé kan péré lára ìtàkùn iṣu, tàbí ẹnu ọ̀mùnú tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, ló ń ṣe iṣẹ́ èbù. N kò rí ìdí tí a ó fi wá orúkọ mìíràn fún un. Oúnjẹ dídì bí ẹ̀kọ tútù, tó ní ṣúgà àti iyọ̀ ilẹ̀ nínú, ni wọ́n ń fi í lé lórí. Oúnjẹ yìí kan náà ni kòkòrò àìfojúrí àti ohun tó ń mú búrẹ́dì bu fẹ́ràn jù. Bí díẹ̀ bá bá èbù wọ ìgò, láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti bò ó pátá. Èbù kò gbọdọ̀ wọlé láìfọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń yá lẹ́nu fún iṣẹ́ fífọ̀ yìí ni "ìpakòkòrò". Mo lòdì sí i. Létí àgbẹ̀, apakòkòrò ni oògùn tí wọ́n ń fín sí oko kòkó àti ẹ̀wà. Bí ìwé ìlànà bá wí pé kí ọmọ iṣẹ́ fi apakòkòrò fọ èbù, èwo ni yóò gbé? Ọ̀rọ̀ náà tún ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ òdì, bíi pé bí oògùn bá ṣe le tó ni iṣẹ́ ṣe dára tó. Èbù ní ẹ̀mí. Bí bílíìṣì tí a fi ń fọ̀ ọ́ bá pọ̀ jù, tàbí tó pẹ́ jù lára rẹ̀, yóò funfun, yóò sì kú pẹ̀lú kòkòrò tí a ń lé. Nítorí náà ni mo ṣe yan "ìfọ̀mọ́".

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ "oògùn". Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn yàrá ìwádìí ti ń fi iyọ̀ mẹ́kúrì fọ èbù, nǹkan bíi gíráàmù kan nínú lítà omi kan. Ó ń pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba awọ ara wọlé, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, bí a bá sì da omi rẹ̀ nù, mẹ́kúrì inú rẹ̀ kì í jẹrà. Ní Minamata, lórílẹ̀-èdè Japan, ilé iṣẹ́ kan da ẹ̀gbin onímẹ́kúrì sínú òkun, àwọn èèyàn jẹ ẹja ibẹ̀, iṣan ara wọn sì bàjẹ́; ọdún 1956 ni àṣírí àìsàn náà tú. Orúkọ ìlú yìí ni wọ́n fi sọ àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2013. Irú nǹkan báyìí kò yẹ lóhun tí a ń pè ní oògùn. Májèlé ni kí a kọ sára ìgò rẹ̀.

Bílíìṣì, tí ará ọjà ń pè ní Hypo tàbí Jik, lè gba ipò mẹ́kúrì nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Wọn a kọ́kọ́ ri èbù sínú sípíríìtì tí wọ́n bomi là dé ìdá 70 nínú 100, fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ife bílíìṣì kan sí omi ife mẹ́rin sí mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan tàbí méjì kí omi lè mú ara èbù dáadáa, fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Fún èbù tí ara rẹ̀ kò gba bílíìṣì, hóró kiloríìnì tí wọ́n ń jù sínú omi mímu rọrùn fún un jù. Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ láé: afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń ta ojú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Níbi tí Òyìnbó ti ń lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "sterilise", tiwa tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgò, oúnjẹ inú rẹ̀ àti omi là ń sè, nínú ìkòkò tó ń sé ooru mọ́nú, ní ìwọ̀n 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Tábìlì là ń fi sípíríìtì nù. Èbù là ń fọ̀, a ó sì fi omi tí a ti sè ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá ka "sè" kò ní fi èbù sínú ìkòkò, ẹni tó bá sì ka "fọ̀" mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun kò gbọdọ̀ kú.

Ó ku àwọn kòkòrò tó fara pamọ́ sínú èbù, tí fífọ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. "Kòkòrò abẹ́nú" ni mo ń pè wọ́n. Láti oko ni a ti ń dín wọn kù: kí ìyá èbù, ìyẹn iṣu tí a ti ń gé èbù, wà nínú ilé onínẹ́ẹ̀tì, kí a máa bomi rin ín nídìí, kì í ṣe lórí ewé, kí a sì gé ọ̀mùnú tuntun. Bí ìyá èbù bá mọ́, bílíìṣì díẹ̀ ti tó. Síbẹ̀, kòkòrò abẹ́nú lè sùn sínú èbù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yọjú, nítorí náà ni n kò fi fara mọ́ kíkọ "ó mọ́" sára ìgò tuntun. "A ti fọ̀ ọ́" ni kí àlẹ̀mọ́ rẹ̀ wí, pẹ̀lú ọjọ́ tí a fọ̀ ọ́ àti ohun tí a fi fọ̀ ọ́.