Nọ́ńbà Ìdánimọ̀: Láti Ọ̀dọ̀ Codd Dé Inú Fóònù

Ohun tí à ń tẹ̀ lórí fóònù ní ìtàn lẹ́yìn. Kí ọdún 1970 tó dé, ẹni tó bá fẹ́ mú ohun kan jáde nínú àkójọ ìsọfúnni kọ̀ǹpútà sábà níláti mọ ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, bí ẹni ń wá ilé níbi tí ilé kò ní nọ́ńbà: láti ọ̀dọ̀ Lágbájá dé ọ̀dọ̀ Tàmẹ̀dò. Bí wọ́n bá tún ilé tò, ó ṣìnà nìyẹn. Ní ọdún náà ni E. F. Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní Kalifọ́níà, kọ̀wé pé kí a to ìsọfúnni sínú tábìlì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ohun tí a ó fi dá a mọ̀. Wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Turing ní 1981. Ó sì tọ́ sí i.

Ní 2000, Richard Hipp gbé SQLite jáde ní Amẹ́ríkà. Òun ni Google fi sínú Android, tí fóònù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2008.

Àyè ni ìṣòro fóònù. Mẹ́gábáìtì 128 péré ni iPhone àkọ́kọ́ (2007) ní fún iṣẹ́. Kí ni ètò ń kó gbogbo ìlà wá fún, nígbà tó jẹ́ pé èwo ni wọ́n ló fẹ́ mọ̀? Nígbà tí Apple mú Core Data wọ iPhone ní 2009, a lè ní kó mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ nìkan wá. Ṣùgbọ́n àrékérekè kan wà níbẹ̀: bí a kò bá sọ fún un kedere pé kó fi ìyókù sílẹ̀, yóò ṣì rọra kó o pamọ́ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wa tó ń kọ ètò kì í rántí èyí, ẹni tó ń lo fóònù àtijọ́ ni ìyà rẹ̀ sì ń jẹ.