Gìtá Ẹlòmíràn ní Ọwọ́ Òsì

Bí a bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gìtá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo èyí tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ni yóò di ọrùn gìtá mú, tí yóò máa tẹ okùn mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni yóò máa ta á. Okùn mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Èyí tó nípọn jù lọ, tí ohùn rẹ̀ wúwo bí ohùn àgbà ọkùnrin, ló wà lókè. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ wà nísàlẹ̀. Bí ọlọ́wọ́ òsì bá gbé irú gìtá bẹ́ẹ̀, tó sì yí i padà kí ọwọ́ òsì rẹ̀ lè máa ta á, gbogbo rẹ̀ á dorí kodò. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á bọ́ sókè, okùn nínípọn á bọ́ sísàlẹ̀, àwòrán inú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni á sì di òdì sí i.

Ìtàn ohun tí àwọn ọlọ́wọ́ òsì ti ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn ni èmi náà. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í sì í fi júwe ilé baba ẹni. Mo ń pa á mọ́. Kódà nínú oyè jíjẹ, Ọ̀tún ló ń ṣáájú Òsì. Ṣùgbọ́n gìtá kì í ṣe àgbà tí a ń kí. Nígbà tí mo dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kọ́ gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gìtá kan ṣoṣo ló wà fún àwa mẹ́rin. Bọ̀dá tó ń kọ́ wa wò mí, wọ́n ní, “Gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún. Bó bá yá, á mọ́ ẹ lára.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n tún okùn rẹ̀ tò?” Wọ́n ní, “Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ló mú mi wá ìtàn àwọn tó ti ṣáájú mi, ohun tí mo sì rí ni pé ẹni tó ni gìtá ló ń pinnu bí okùn rẹ̀ yóò ṣe tò.

Paul McCartney, tí wọ́n bí ní Liverpool ní ọdún 1942, ní tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ fún un ní fèrè trumpet, ó sì lọ fi í pààrọ̀ gìtá, nítorí pé ẹni tó ń fọn fèrè kò lè máa kọrin lẹ́ẹ̀kan náà. Gìtá yìí kò gbọ́ tirẹ̀ rárá, àfi ìgbà tó rí àwòrán Slim Whitman, olórin ará Amẹ́ríkà kan tó gbé gìtá sí òdìkejì. Ìgbà náà ló yé e. Ó tú okùn, ó sì tún wọn tò.

Títún okùn tò kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ní òkè ọrùn gìtá, eegun tínínrín kan wà tí wọ́n gé ojú mẹ́fà sí, ojú kọ̀ọ̀kan sì ṣe wẹ́kú okùn tirẹ̀. Okùn nínípọn kò ní wọ ojú okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á sì máa mì nínú ojú tó fẹ̀ jù fún un. Ẹni tó bá ni gìtá lè pààrọ̀ eegun yìí. Ẹni tó yá a kò tó bẹ́ẹ̀.

Jimi Hendrix náà ní tirẹ̀. Ọdún 1942 kan náà ni wọ́n bí i ní Seattle ní Amẹ́ríkà. Leon, àbúrò rẹ̀, sọ pé bàbá wọn ka fífi ọwọ́ òsì ta gìtá sí iṣẹ́ Sàtánì, nítorí náà bí bàbá bá wà nítòsí, ọwọ́ ọ̀tún ni Jimi ń lò. (Nígbà tí mo ka èyí, mo rẹ́rìn-ín. Àṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan.) Gìtá Stratocaster funfun tó gbé lọ sí Woodstock ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni, ó kàn dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì tún okùn rẹ̀ tò ni.

Kì í ṣe pé Bọ̀dá kò ní ẹlẹ́rìí o. Mark Knopfler, ti ẹgbẹ́ olórin Dire Straits, ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi ń ta gìtá. Ṣùgbọ́n Tony Iommi, ará Birmingham, fi orí ìka méjì sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17. Ọwọ́ ọ̀tún ló ṣe léṣe, ìyẹn ọwọ́ tó fi ń tẹ okùn. Dípò kó yí ọwọ́ padà, ó fi ike ṣe ìbòrí fún ìka rẹ̀, ó sì ń bá a lọ.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ wọ̀ mí lára jù lọ kò ní nǹkan kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí Elizabeth Cotten ní North Carolina ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1893, nínú ìdílé aláwọ̀ dúdú tí kò lówó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní báńjò. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti jáde, ọmọdébìnrin yìí á gbé báńjò náà, á yí i padà fún ọwọ́ òsì rẹ̀. Ta ló fẹ́ tú okùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó dé? Bó ṣe bá a ló ṣe ta á. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kúrò nílé, ó gbé báńjò rẹ̀ lọ. Elizabeth fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀, ó ń gba sẹ́ǹtì 75 lóṣù, títí tó fi ra gìtá ní dọ́là mẹ́ta àti sẹ́ǹtì 75. Ó lè wá tún okùn èyí tò bó bá wù ú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ òdì.

Ẹ wá wo ohun tí òdì yìí bí. Lọ́dọ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, àtàǹpàkò ló wà lórí okùn nínípọn, òun ló ń ṣe bí omele tí kì í yẹ ẹsẹ̀. Àwọn ìka yòókù ló ń ṣe bí ìyáàlù, àwọn ló ń sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ Cotten, àwọn ìka di omele, àtàǹpàkò sì di ìyáàlù. Ọmọdé ni nígbà tó ṣe orin “Freight Train” lọ́nà yìí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ fún un ní ìjọ rẹ̀ pé orin ayé kò yẹ ẹ́, ó sì pa gìtá tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún nígbà tó ń bá ìdílé Seeger ṣiṣẹ́ ilé ní Washington. Olórin ni wọ́n nílé náà, gìtá sì wà tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó yí i padà, ó ta á. Kò sí okùn tí ẹnikẹ́ni ní láti tú fún un. 

Ohun tó mú mi yan ọ̀nà tirẹ̀ nìyẹn. Gìtá ṣọ́ọ̀ṣì wà bó ṣe wà fún àwọn mẹ́ta yòókù. Bó bá kàn mí, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó nira. Kọ́ọ̀dù tí ìwé bá fi hàn, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i lórí kí n tó fi ìka lé e, mélòó kan nínú wọn kò sì tíì ṣeé ṣe fún ìka mi. Bọ̀dá kò tíì gbà tán. Wọ́n ní mi ò ní rí ẹni tí màá máa wo ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fídíò Cotten nìkan ni mo ń wò.

Ọdún 1958 ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ó gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 1985, nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ó sì kú ní ọdún 1987. Àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún tó ń kọ́ “Freight Train” lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dá omele padà fún àtàǹpàkò, wọ́n sì ti dá ìyáàlù padà fún ìka. Àwọn ló wá ń yí tirẹ̀ sí òdì.