Ilé Kan, Ọ̀nà Méjì: Ìtàn Bí Shell Unix Ṣe Ń Mọ Ọ̀nà Ilé

Ìlú Imota wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ìkòròdú lọ sí Itoikin, tí ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bí èrò méjì bá pàdé ní Imota, tí ọ̀kan ti Ìkòròdú wá, tí èkejì sì ti Ẹ̀pẹ́ wá, ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì dúró lé. Ṣùgbọ́n bí a bá wí fún wọn pé, ‘Ẹ padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀,’ ọ̀kan yóò kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, èkejì yóò kọjú sí ìlà oòrùn. Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ fún bí ogún ọdún láàrin àwọn tí ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Unix. Ó yẹ kí a mọ ìtàn náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa fáìlì ẹlòmíràn rẹ́.

Ní ọdún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Unix ní Bell Labs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Wọ́n to àwọn fáìlì bí igi: gbòǹgbò kan ni ó wà, àpò ń bẹ nínú àpò, àpò kọ̀ọ̀kan sì ní òbí kan ṣoṣo. Dọ́ọ̀tì méjì, báyìí: .. , ni orúkọ òbí náà. Olúkúlùkù ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà náà ni ó ní àpò tirẹ̀, èyí tí í ṣe ilé rẹ̀. Ní 1979, Steve Bourne ṣe shell kan fún Unix ẹlẹ́ẹ̀keje. Ìkarahun ni ìtumọ̀ orúkọ náà, nítorí òun ni ó bo kóró inú ètò náà, òun náà ni ó sì ń gba àṣẹ lẹ́nu ènìyàn. Shell yìí a máa tọ́jú ọ̀nà ilé sínú ọ̀rọ̀ kan tí ń jẹ́ HOME. Bí ènìyàn bá kọ cd nìkan, láìdárúkọ ibì kan, ilé ni yóò bá ara rẹ̀. Ilé ṣáà ni àbọ̀ sinmi oko. Ní Berkeley, ní California, Bill Joy fi àmì ~ dúró fún ilé nínú C shell tirẹ̀. Lórí ẹ̀rọ ADM-3A tí ó ń lò, bọ́tìnnì kan náà ni a kọ àmì yìí àti ọ̀rọ̀ náà HOME sí.

Ohun gbogbo ń lọ létòlétò títí di 1983, nígbà tí 4.2BSD mú ìtọ́kasí wá láti Berkeley. Ìtọ́kasí jẹ́ fáìlì kékeré tí kò ní ohun mìíràn nínú ju ọ̀nà ibòmíràn lọ. Àwọn alábòójútó kọ̀ǹpútà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀: bí ààyè bá há, wọn a kó ilé àwọn ènìyàn lọ sórí dísíìkì tí ó tóbi jù, wọn a sì fi ìtọ́kasí sílẹ̀ ní ojúkò àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọ̀nà ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ni /home/ade, ṣùgbọ́n pé /disk2/ade ni ilé náà wà ní tòótọ́. Ta wá ni òbí ilé yìí: ṣé /home ni tàbí /disk2? Ilẹ̀ tí a dúró lé nìkan ni kóró inú mọ̀; /disk2 ni ìdáhùn rẹ̀. Shell Bourne kò sì rántí ọ̀nà tí ènìyàn gbà dé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá kọ pwd láti bèèrè ibi tí òun wà, /disk2/ade ni ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé rẹ̀. Ó délé, ó bá ara rẹ̀ ní àjò.

Ẹni tí ó wá ojútùú ni David Korn, tí òun náà wà ní Bell Labs. Láàrin ọdún 1980 sí 1989, ó kọ́ shell tirẹ̀ ní ìrántí. Shell náà a máa kọ ọ̀nà tí ènìyàn gbà dé sínú PWD. Bí a bá sì kọ cd .. , orúkọ tí ó kẹ́yìn lára ọ̀nà yẹn ni yóò gé kúrò. Nítorí náà, ẹni tí ó gba /home wọlé, /home náà ni yóò bá jáde. Bash, tí Brian Fox kọ́kọ́ gbé jáde ní 1989, tọ ọ̀nà yìí. Nígbà tí ó di 2001, ìlànà POSIX fi àṣẹ sí i: ìrántí ni cd àti pwd yóò máa tẹ̀ lé, àfi bí ènìyàn bá fi -P kún un, èyí tí í béèrè ilẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n ìrántí yìí, ti shell nìkan ni. Àwọn ètò yòókù kò mọ̀ nípa rẹ̀. Kóró inú ni wọ́n ń bi léèrè. Láti /home/ade, cd .. yóò gbé wa dé /home, ṣùgbọ́n ls .. yóò fi ohun tí ó wà ní /disk2 hàn wá. Bí a bá wá fi rm pa fáìlì kan rẹ́ nípa ọ̀nà .. , inú /disk2 ni yóò ti pa á, kì í ṣe inú /home tí a ní lọ́kàn. Ohun mìíràn sì wà. Bash a máa kọ ~ síwájú ènìyàn bí ó bá wà nílé, ṣùgbọ́n lẹ́tà PWD àti ti HOME ni ó ń fi wéra, kì í wo ilẹ̀. Ẹni tí ó gba /disk2/ade wọlé kò ní rí ~, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ilé ara rẹ̀ ni ó jókòó sí.

Ní ọdún 2000, Rob Pike kọ̀wé nípa ètò Plan 9, níbi tí wọ́n ti gbé ìrántí orúkọ yìí lé kóró inú lọ́wọ́, kí gbogbo ètò lè máa sọ ohun kan náà. Unix kò gba ọ̀nà yẹn, Linux náà kò sì gbà á.

Ní tèmi, Korn kò ṣìṣe. Orúkọ ni ènìyàn fi ń mọ ilé rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà dísíìkì. Ṣùgbọ́n ìlérí tí ẹnì kan ṣoṣo ń mú ṣẹ láàrin ọ̀pọ̀ kò tó gbára lé. Nítorí náà, kí á tó fi .. kó fáìlì tàbí kí á tó fi pa á rẹ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ kọ pwd -P. Èrò tí ó bá dé Imota gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí ó gbà wá, kí ó sì mọ ilẹ̀ tí ó dúró lé pẹ̀lú.