Ìṣirò Tó Wà Nínú Orúkọ

Lọ́dún 1887 ni míṣọ́nnárì Adolphus Mann kọ̀wé lórí òǹkà Yorùbá, ó sì tọpa rẹ̀ dé ìdí owó ẹyọ tí àwọn bàbá wa ń kà. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ púráímárì, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà ò kẹ́yìn rárá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ wo 38 lọ́nà 19. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ lónìí, 9 lọ́nà 8 jẹ́ 72: kọ 2, kó 7 dání. Bí ọmọ bá gbàgbé 7 yẹn, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́.

Ẹ wá gbọ́ orúkọ wọn. Méjìdínlógójì: 40 dín 2. Mọ́kàndínlógún: 20 dín 1. Ogún lọ́nà 40 jẹ́ 800. Ẹ yọ ogún lọ́nà 2, ó ku 760. Ẹ yọ 38 kan, ó ku 722. A ò kó nǹkan kan dání.

Ṣé Yorùbá nìkan ni ká wá máa fi kọ́ wọn l'Ájégúnlẹ̀, níbi tí ọmọ Ìgbò, Urhobo àti Yorùbá ti jọ ń jókòó pọ̀? Rárá o. Ọgbọ́n inú orúkọ náà ni kí tíṣà mú: sáré dé ogún tó súnmọ́ ọ, kí o tó yọ. Pidgin gbà á, Gẹ̀ẹ́sì náà gbà á. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó mọ “thirty-eight” nìkan ò lè gbọ́ ọgbọ́n náà nínú orúkọ.